Awẹ́ Obì Inú Báàgì Mi

Màámi ọ̀wọ́n, aránṣọ Ìbàfò,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìsinmi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wúwo kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lórí ìdúró, kó kọ́kọ́ kí onílé, kó jókòó, kó tó tú ẹrù tó gbé wá. Mo ti kí yín, mo sì ti jókòó. Ara ọmọ yín le. Àwọn ọmọ mi wà dáadáa, àbígbẹ̀yìn ti ga jù mí lọ, ohùn rẹ̀ ti fọ́, ó sì ti ń fi í bá mi jiyàn bí ọkùnrin gidi. Bàbá wọn ṣì ń jí lọ sí Èkó láràárọ̀, ó ṣì ń fi ẹ̀yìn ríro bọ̀ wálé. Ìròyìn ayọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Èyí tó kù, ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ẹ̀yin nìkan ni mo sì rí sọ ọ́ fún, torí ẹ ò lè wò mí lójú.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbí ní Mòwé. Ẹgbẹ́ Àlàáfíà Àdúgbò là ń jẹ́. A ní tíṣáàtì funfun, a kọ "Ẹ̀tọ́ Ni" sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí onílé bá da ẹrù ayálégbé síta nínú òjò ní Màgbòrò, wọ́n á pè wá. Nígbà tí àwọn ọlọ́kadà àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kan fẹ́ fa ara wọn ya ní Ifọ̀, a lọ síbẹ̀, a kó wọn jọ, mo sì sọ̀rọ̀ títí ohùn mi fi há. Màámi, mo lè sọ̀rọ̀ o. Tí mo bá ti gbá màíkì mú, wọn kì í tètè rí i gbà padà lọ́wọ́ mi. Àwọn èèyàn ń pè mí ní Ìyá Ẹ̀tọ́, ó sì ń dùn mọ́ mi. Níbi gbogbo tí mo bá dé ni mo máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti jogún rẹ̀. Àṣé ohùn nìkan ni mo jogún.

Torí ẹ̀yin kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo rántí bí ẹ ṣe ń ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìbàfò. Obìnrin méjì á wọlé, wọ́n á ti máa bú ara wọn bọ̀ láti òpin àdúgbò, ẹ̀yin á fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ẹ ò ní dá wọn lóhùn. Ẹ ó kàn na aṣọ tí ẹ fẹ́ gé sí wọn, kí ọ̀kan di etí kan mú, kí èkejì di etí kejì mú. Ẹ ó máa fi téèpù wọ̀n ọ́n lọ, ẹ ó máa wọ̀n ọ́n bọ̀. Ta ló lè na ìka sí ẹnìkejì rẹ̀ lójú nígbà tó bá di etí aṣọ aláṣọ mú? Kí ẹ tó wọn aṣọ yẹn tán, ọ̀kan nínú wọn á ti rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn lẹ ó wá yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, ẹ ó ní, "Ó yá, kí ló dé?" Èmi a máa wò yín láti ìdí máṣíìnì, a máa ṣe mí bíi pé idán ni ẹ ń pa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ibí. Lẹ́yìn ẹ́sítéètì wa ní Mòwé ni abúlé kan wà, tó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀ pé ilẹ̀ kan ń jẹ́ Mòwé. Àwọn gan-an ló ta ilẹ̀ fún wa. Ọ̀nà wọn sí ilé ẹ̀kọ́, sí ilé ìwòsàn kékeré, àti sí ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ ní márosẹ̀, àárín wa ló gbà kọjá. Nígbà tí a mọ odi, a fi géètì kékeré kan sílẹ̀ fún wọn lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó rí i bí ìṣòro, àfi ìgbà tí olè wọ ilé méjì kan, tó gbé bátìrì lọ. Kò sẹ́ni tó rí olè náà. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé onílé, wọ́n fẹnu kò sí i pé ará abúlé ni. Wọ́n pe wẹ́dà, wẹ́dà sì jó géètì yẹn pa mọ́ irin.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ abúlé ti ń rìn yípo lọ sí ilé ẹ̀kọ́, etí márosẹ̀ ni wọ́n ń gbà, níbi tí àwọn tírélà ti ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Inú bí àwọn bàbá wọn, àwọn náà fi àpò iyanrìn dí gọ́tà tó ń gbé omi wa gba orí ilẹ̀ wọn kọjá. Òjò rọ̀, omi wọ ilé àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ́sítéètì, tìmùtìmù léfòó. Ọ̀rọ̀ wá di ìwọ ò ṣí géètì, èmi náà ò ṣí gọ́tà.

Èmi ni mo dìde, Màámi. Mo ní ìwà ìrẹ́jẹ ni láti ra ilẹ̀ èèyàn tán kí a tún ti ọ̀nà mọ́ ọn. Mo lọ láti ilé dé ilé. Alága àwọn onílé, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn láti máa fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gbá àtẹ́lẹwọ́, kọ́kọ́ yarí. Ó ní, "Madam, security ló ṣe pàtàkì jù o. Àwọn èèyàn yẹn, ẹ ò lè trust wọn." Mo tẹ̀ lé e títí ó fi ní kí a ṣe ìpàdé tí mo fẹ́, pé kí èmi ṣe é kí n rí i. Mo wá wọ abúlé lọ. Ìyá Àgbà ni mo bá níbẹ̀, àgbà obìnrin abúlé náà, ẹni tí wọn kì í ṣe ohunkóhun láìfi lọ̀ ọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń gbé àdìrẹ wá fún yín láti Mòwé, tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ̀yin méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi máa jóná. Èmi ò dá a mọ̀ mọ́. Òun náà ò dá mi mọ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò mí bí ẹni wo olóṣèlú. Àfi ìgbà tí mo dárúkọ yín.

"Ọmọ aránṣọ Ìbàfò?" Ó dìde. Ó fọwọ́ kàn mí lójú. "Iwájú orí rẹ̀ rèé kedere. Ìyẹn ni pé ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni mo ń bọ̀ wá ṣe ìpàdé."

Torí yín ni wọ́n ṣe wá. Kì í ṣe torí tíṣáàtì.

Ọjọ́ Sátidé la pàdé, lábẹ́ kánópì, ní pápá ilé ẹ̀kọ́. Ara tù mí lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Àwọn ará ẹ́sítéètì jókòó ní apá kan, àwọn ará abúlé ní apá kejì, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa sì wà ní ìlà iwájú nínú aṣọ funfun. Púpọ̀ nínú wọn, ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Sister Dúpẹ́ ló ṣáájú wọn, ẹni tó ń darí àdúrà àwọn obìnrin, tó tún jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún mi nínú ẹgbẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n bínú, wọ́n tún sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan dìde láti abúlé, ó ní bàbá òun ló fi àdá la ọ̀nà tí wọ́n wá ti mọ́ òun yẹn. Ìyàwó ilé kan láti ìsàlẹ̀ ẹ́sítéètì dìde, ó sunkún nítorí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ tó bá omi lọ. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Géètì á máa ṣí láti ìdájí títí di ìgbà tí wọ́n bá kírun alẹ́ tán. Gọ́tà á ṣí lọ́jọ́ Ajé. Alága gan-an bọ ọkùnrin aládàá lọ́wọ́. Mo wo ojú ọ̀run, mo ní, Màámi, ṣé ẹ ń rí mi?

Ìyá Àgbà wá ní ó ku nǹkan kan. Ó ní àwọn kì í fi ẹnu lásán dá májẹ̀mú nílé àwọn. Wọ́n gbé àwo kékeré kan wá, obì àbàtà àti omi tútù ló wà nínú rẹ̀. Ó dìde dúró fúnra rẹ̀, ó ń gbọ̀n díẹ̀. Ó ṣàdúrà sí Ọlọ́run Ọba. Ó ní obì rèé, kó bi ibi dànù láàárín wa. Omi rèé, omi ò lọ́tàá. Ó pe àwọn àgbà abúlé tó ti lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n bá wa ṣe àmín. Ó wá wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Aránṣọ Ìbàfò, ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà tó o ti lọ, dá sí i. Ọmọ ẹ ló ṣe èyí." Ó pa obì náà, ó ju awẹ́ kan sẹ́nu. Alága ní èmi tí mo pe ìpàdé ni kí n gbà á lórúkọ ẹ́sítéètì. Ìyá Àgbà sì fi ọwọ́ méjèèjì na awẹ́ kejì sí mi.

Màámi, mo kúnlẹ̀, mo gbà á. Ibi tí mo ti gbójú sókè kí n dúpẹ́ ni mo ti rí ojú Sister Dúpẹ́. Ó rọra mi orí, bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ti tẹjú mọ́ mi. Ẹ mọ irú ìjọ tí a wà. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa láìmọye ìgbà nípa ohun tí wọ́n bá pe orúkọ òkú lé lórí. Ọkàn mi dàrú. Mo gbé obì dé ẹnu, mo rẹ́rìn-ín, mo fa aṣọ ìnujú yọ bí ẹni tó fẹ́ nu ètè, mo jẹ́ kí obì bọ́ sínú rẹ̀. Mo wé e, mo fi sí báàgì. Mo rò pé mo gbọ́n. Níwájú gbogbo àgbà tó jókòó yẹn, ta ni mo rò pé ó fọ́jú?

Ìyá Àgbà bo àwo rẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ sílé. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ló kígbe. "Ẹ wò ó! Ó ti kó o sápò o! Wọ́n rò pé a fẹ́ fún wọn ní májèlé jẹ!" Bí ìpàdé ṣe tú nìyẹn. Àwọn ará abúlé ò jà, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kó àga tí wọ́n gbé wá, wọ́n ń lọ. Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi, mo dúró pẹ̀lú màíkì lọ́wọ́, mo ń wo ẹ̀yìn wọn.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, Sister Dúpẹ́ ti ròyìn fún Pásítọ̀. Wọ́n pè mí jáde kí n wá jẹ́rìí. Pásítọ̀ ní kí gbogbo ìjọ wo obìnrin tí kò tẹrí ba fún Báálì. Ìjọ hó, wọ́n fọn fèrè. Wọ́n gbé màíkì fún mi. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Ẹ yin Olúwa." Wọ́n pàtẹ́wọ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n pa á. Bàbá àwọn ọmọ mi náà wà níbẹ̀, ó wọ kóòtù àwọn tó ń júwe ìjókòó, inú rẹ̀ ń dùn sí mi. Orí mi ń wú títí mo fi padà jókòó. Mo bá ṣí báàgì láti mú owó ọrẹ, ọwọ́ mi sì kan aṣọ ìnujú.

Màámi, tó bá jẹ́ ìgbàgbọ́ ló mú mi ṣe é, ojú ì bá tí tì mí. Ẹni tó bá gba nǹkan gbọ́ á là á mọ́lẹ̀ pé ohun tí òun gbà gbọ́ nìyí. Inú ilé yín ni mo ti dàgbà. A jẹ ẹran iléyá nílé Alùfáà tó wà lójúlé kejì, a jẹ àkàrà sàárà, a jẹ ìrẹsì ọjọ́ ìbí ọmọ àwọn ìjọ aláṣọ funfun, inú kankan ò run wá, ọjọ́ Àìkú sì ń bá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò bẹ̀rù obì yẹn rárá. Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju obì lọ. Sister Dúpẹ́ ni mo bẹ̀rù. Ojú èèyàn ni mo bẹ̀rù, èmi tí mò ń kọ́ àwọn ayálégbé pé kí wọ́n má bẹ̀rù onílé.

Ṣé ẹ gbọ́ nígbà tó pè yín? Ṣé ẹ dáhùn àmín? Ṣé ẹ rí ọwọ́ mi?

Mo fẹ́ gbàgbé rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ ń lọ, ìbínú á rọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni mò ń lọ wọkọ̀, òjò ń fọ́n. Mo rí àwọn ọmọ abúlé ní etí márosẹ̀, wọ́n tò lẹ́yìn ara wọn, wọ́n gbé bàtà lọ́wọ́ kó má bàa rẹ. Ọmọbìnrin kékeré kan fi ọ̀rá bo irun rẹ̀. Tírélà kan sáré kọjá, ó fi ẹrẹ̀ wẹ gbogbo wọn láti orí dé ẹsẹ̀. Èyí tó fi ọ̀rá borí yẹn nu ojú rẹ̀, ó rí mi, ó sì kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn. "Ẹ káàárọ̀ mà." Àwọn tó kọ́ ọ nílé ò kọ́ ọ pé kó má kí ẹni tó kó obì àgbà sápò. Mi ò wọkọ̀ mọ́, mo padà sílé.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo lọ bá Ìyá Àgbà. Mi ò wọ tíṣáàtì. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ káàbọ̀, Madam," ló wí. "Ẹ jókòó."

Màámi, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kí àlejò láti ìjọba. Ó sàn kó bú mi. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti Sister Dúpẹ́, ti ìjọ, ti àtẹ́wọ́. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo sọ tán, ó bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an kì í jẹ obì.

Mi ò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé mi ò rí i lẹ́nu yín rí, mo sì rò pé torí ìjọ ni.

"Ìjọ kẹ̀? Àyà ẹ̀ ló máa ń já tó bá jẹ ẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fún un, ó fọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní, 'Ìyá, ẹ má bínú, ara mi ò gbà á, ẹ bá mi jẹ ẹ́.' Mo bá jẹ tèmi, mo jẹ tiẹ̀. Títí ó fi kú, èmi ni mò ń bá a jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ mi tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú ilé yìí, mò ń bá àwọn náà jẹ tiwọn." Ó wá gbójú sókè wò mí. "Ìwọ náà ì bá sọ ọ́. Ẹnu tó o fi ń bá gbogbo Mòwé sọ̀rọ̀, o ò lè fi bá mi sọ̀rọ̀? O jẹ́ kí wọ́n máa wò mí bí ẹni tó fẹ́ pa ọmọ ọ̀rẹ́ ẹ̀."

Mo sunkún bí ọmọdé. Ohun tó dun ìyá yìí, kì í ṣe pé mi ò jẹ. Ìfarapamọ́ yẹn ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá gbà mí là, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin ti sọ ṣáájú mi, tí kò sì sẹ́ni tí ì bá fi bínú sí mi. Ìyá Àgbà á jẹ tèmi mọ́ tiẹ̀, gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín, géètì á ṣí. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi rí? Àbí ẹ sọ ọ́, tí mo ń gbọ́ nǹkan mìíràn?

Ó bèèrè ibi tí mo ju obì náà sí. Mo ṣí báàgì, mo tú aṣọ ìnujú. Ó ti gbẹ, ó ti dúdú, ó ti súnkì. Ìyá Àgbà mú un lọ́wọ́ mi, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó jù ú sẹ́nu. Ẹyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ ò tó nǹkan, ó pẹ́ kó tó rún un tán, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí ó fi gbé e mì.

Ó ní, "Èyí tí mo jẹ yìí, ti èmi àti ìyá ẹ ni. Ó ti tán. Ti géètì, mi ò lè bá ẹ jẹ ìyẹn."

Mo lọ láti ibẹ̀ tààrà sí ọ̀dọ̀ Alága. Mo ní kí a tún ìpàdé pè, pé èmi ni mo bà á jẹ́. Alága rẹ́rìn-ín, ó fi kọ́kọ́rọ́ gbá àtẹ́lẹwọ́. "Bà á jẹ́ kẹ̀? Madam, ẹ ti bá wa settle ẹ̀. Ẹ̀yin gan-an tí ẹ wà lẹ́yìn wọn, ẹ ò lè jẹ nǹkan wọn. Ohun tí mo ti ń sọ látijọ́ nìyẹn! Géètì yẹn ò ní ṣí mọ́." Ó ní òun ti ń sọ ọ́ fún gbogbo àwọn onílé, àwọn tó ti fẹ́ gbà tẹ́lẹ̀ sì ti yí padà. Àṣé orúkọ mi ni wọ́n fi ń ti géètì báyìí.

Mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé màá jáde sọ òótọ́ ní ìpàdé onílé. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé Sister Dúpẹ́ àtàwọn yòókù á wà níbẹ̀, pé kí ilẹ̀ tó ṣú, Pásítọ̀ á ti gbọ́ pé ẹ̀rí tí mo jẹ́ nínú ilé Ọlọ́run kì í ṣe òótọ́. Ó ní ẹgbẹ́ tí mo dá sílẹ̀, àwọn obìnrin ìjọ ló pọ̀ jù níbẹ̀, pé ta ló máa kù? Bóyá èmi nìkan ló máa kù pẹ̀lú páálí tíṣáàtì. Ṣùgbọ́n Màámi, tí n kò bá sọ fún wọn lójú ara wọn pé kò sí ohun tó ṣe obì yẹn, pé ojú tiwọn ni mo bẹ̀rù, géètì yẹn ò ní ṣí, ọmọ ọlọ́ràá yẹn á sì máa bá tírélà du ọ̀nà títí di ọjọ́ tí tírélà á borí. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti kọ ohun tí màá sọ sílẹ̀, mo ti fà á ya, mi ò mọ bí ẹ̀yin ì bá ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Sátidé tó ń bọ̀ ni ìpàdé náà. Sister Dúpẹ́ ló máa ń gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti bẹ Alága pé kó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbàdúrà. Ó ní níbo ni wọ́n ti ń ṣe irú ìyẹn, pé kí ló dé? Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un, ẹ̀yin ni mo ń sọ ọ́ fún. Mo mọ ara mi. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbàdúrà, tí gbogbo wa bá ti di ojú, màá tún rí ibi sá pamọ́ sí.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà,
èmi ọmọ yín tí ojú ń tì, tí àárò yín ń sọ.